Ìkíni Nídìí Àjànàkú

Ní ilé iṣẹ́ Ọmọ́ṣaléwá ní Ṣómólú, níbi tí wọ́n ti ń fi páànù ṣe abọ́ àti ìdérí garawa, ẹni tí kò bá kí ènìyàn kú iṣẹ́, wọ́n á ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ́ńjìnì lè máa di ènìyàn létí, bẹ́líìtì lè máa ké lókè bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn òjò, ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kí, ẹni tí wọ́n bá sì kí gbọ́dọ̀ dáhùn. Bọ́lárìnwá tó jẹ́ fóòmánù wọn ló tẹnu mọ́ ọn jù. Kò sí àárọ̀ tí kì í lọ láti ìdí ẹ̀rọ kan dé ìdí òmíràn láti kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó gbà pé ẹni tí a bá kí dáadáa yóò ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì purọ́. Àwọn fóòmánù mìíràn wà ní Ṣómólú nígbà náà tó jẹ́ pé èébú ni wọ́n fi ń kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Ti Bọ́lárìnwá yàtọ̀, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀.

Ìdí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà tí kì í sáré kí. Ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ páànù di abọ́ ni. Àjànàkú ni wọ́n sọ ọ́, torí pé ohun tó bá ti tẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ènìyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ti páànù sábẹ́ irin, á tún un ṣe títí yóò fi jókòó dáadáa, á wá yọwọ́. Èkejì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ á fa ọ̀pá, irin á sì já wálẹ̀. Bí Bọ́lárìnwá bá dé ibẹ̀, á káwọ́ sẹ́yìn, á dúró jẹ́ẹ́ títí irin á fi já, kó tó lanu kí wọn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù Àjànàkú ń ba fóòmánù. Wọn ò mọ̀ pé ojú ẹni tó ń fa ọ̀pá ló ń bà á lẹ́rù.

Bàbá Rọ̀kíbátù ló ń fa ọ̀pá. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, irun orí rẹ̀ ti funfun báláú, òun ló sì kọ́ Bọ́lárìnwá níṣẹ́ irin. Nígbà tí Bọ́lárìnwá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹun. Bàbá Rọ̀kíbátù ló mú un wá sí Èkó, òun ló sì bá a bẹ Ọmọ́ṣaléwá tó ni ilé iṣẹ́ kó gbà á síṣẹ́. Nígbà tó yá, ayé yí. Bọ́lárìnwá mọ ìwé díẹ̀, ó lè bá òyìnbó tó ń ta páànù fún wọn sọ̀rọ̀, ni Ọmọ́ṣaléwá bá fi ọmọ iṣẹ́ ṣe olórí ọ̀gá rẹ̀. Bàbá náà kò bínú. Níwájú gbogbo ayé, "fóòmánù" ló ń pè é. Bó bá ku àwọn méjèèjì, á pè é ní Àkànó, oríkì rẹ̀, ara Bọ́lárìnwá á sì rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀n.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, nígbà tí Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, Bàbá Rọ̀kíbátù wọlé láàárọ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì níbi tí wọ́n fi kóòtù Ọmọ́ṣaléwá kọ́ sára ìṣó, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, ọ̀gá." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ bàbá yìí pọ̀ jù. Bàbá náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ẹni tó ń jẹun lábẹ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ kí aṣọ rẹ̀ ni. Bọ́lárìnwá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí bí orí bàbá náà ṣe ń yí kiri, tó ń wá ibi tí ẹ̀rín ti ń wá.

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, ó tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ń kó àjákù páànù jọ sí, ó sì bi í léèrè. Bàbá Rọ̀kíbátù kò jiyàn. Ó ní ojú òsì ti fọ́ pátápátá, ọ̀tún náà kò sì ju bàìbàì lọ, bí ìgbà tí kùrukùru bo ọ̀sà. Jìnnìjìnnì bo Bọ́lárìnwá. Ó béèrè pé báwo ló ṣe wá ń fa ọ̀pá Àjànàkú tí kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

"Ọmọ Ìlàjẹ yẹn ni," ni bàbá náà wí. "Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ páànù, á máa kọrin. Bó bá yọwọ́, á dákẹ́. Orin rẹ̀ ni mo fi ń ríran, Àkànó."

Ọmọ Ìlàjẹ tó ń wí ni Japhet Ikúmápàyí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé létí ọ̀sà ní Bariga. Apẹja ni àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹja ni Sabina ìyàwó rẹ̀ náà ń yan tà, ṣùgbọ́n Japhet ní òun ò fẹ́ kí omi gbé òun lọ bó ṣe gbé bàbá òun lọ, ló fi wá iṣẹ́ wá sórí ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó máa kọrin nídìí ẹ̀rọ. Orin tí wọ́n fi ń fa àwọ̀n nílé wọn ni, ní èdè tí àwọn ará Ṣómólú kò gbọ́ tán. Bí wọ́n bá ń fa àwọ̀n, wọ́n á máa kọrin nígbà tí ọwọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sì dákẹ́ nígbà tí ọwọ́ bá sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ àti ẹnu Japhet ṣe mọ ara wọn láti kékeré. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń fetí sí òun, ká má tíì sọ pé ẹnì kan ń fi orin òun ríran.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó yẹ kí fóòmánù ṣe. Kó mú bàbá náà kúrò nídìí ọ̀pá ni, kí ilẹ̀ tó mọ́. Bọ́lárìnwá náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Bàbá Rọ̀kíbátù bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ ni ìgbéyàwó Rọ̀kíbátù, àwọn àna sì mọ̀ ọ́n sí ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ gidi ní Èkó. Bẹ́ẹ̀ Ọmọ́ṣaléwá ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbé iṣẹ́ mọ́, kó gba ilé lọ. Bàbá náà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ọlá fa ọmọ òun lé ọkọ lọ́wọ́, kí àlejò má bá òun nílé bí afọ́jú tí kò níṣẹ́. Ó ti ń tẹ orúnkún kó tó parí ọ̀rọ̀, Bọ́lárìnwá sì sáré gbá a mú. Ọ̀gá ẹni ṣe máa kúnlẹ̀ fún ni? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ó gbà fún un pé títí di ọjọ́ Ìtúnu, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n wá dé orí ọ̀rọ̀ Japhet. Bàbá náà ní kò ní dáa kó mọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé afọ́jú ló ń fa ọ̀pá lórí òun kò ní dúró, bó bá sì kúrò, ìròyìn ìdí tó fi kúrò yóò tàn dé Palmgrove kó tó di ọ̀sán. Bọ́lárìnwá ní òótọ́ ni. Àánú ló ṣe é, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọlọ́wọ́ ló fi ṣe àánú náà, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ọwọ́.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti ní ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́. Ibikíbi tó bá wà nínú ilé iṣẹ́, etí rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ Japhet. Orin bẹ̀rẹ̀, orin dákẹ́, irin já. Á tó mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Japhet dé pẹ̀lú ọ̀fìnkìn, ohùn rẹ̀ ti há pátápátá. Bọ́lárìnwá ní kó padà sílé lọ sinmi, ó sì pariwo fún gbogbo ènìyàn pé Àjànàkú fẹ́ gba òróró lónìí, kò ní ṣiṣẹ́. Japhet dúpẹ́ títí. Ó sọ fún Sabina nílé pé fóòmánù àwọn ní ojú àánú, pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ṣómólú.

Nígbà tí Ààwẹ̀ dé ìdajì, Japhet tọ Bọ́lárìnwá wá fúnra rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun nítorí bíbẹ̀rẹ̀ mọ́ páànù lójoojúmọ́, ó sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń gé páànù lẹ́bàá fèrèsé. Ohun tó béèrè kò pọ̀. Àwọn mìíràn ti pààrọ̀ ẹ̀rọ rí, Bọ́lárìnwá ló sì pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọrin fún bàbá? Ó fi ọwọ́ lé Japhet léjìká, ó ní ọwọ́ tó mọ Àjànàkú bíi tirẹ̀ kò sí nílé iṣẹ́ yìí, pé bó bá kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ á bàjẹ́. Ìyìn kì í ṣe ohun tí ọmọkùnrin náà ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó padà sídìí Àjànàkú. Bọ́lárìnwá wò ó lọ, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ débi pé kò lè jẹun ọ̀sán.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló rí. Ezekiel tó ń ṣọ́ géètì ti sọ pé òun ń lọ sílé lẹ́yìn ọdún. Bọ́lárìnwá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọmọ́ṣaléwá kó fi Bàbá Rọ̀kíbátù sí ipò náà. Kò dárúkọ ojú, ẹ̀yìn ríro ló wí. Ọmọ́ṣaléwá kò fẹ́ gbọ́. Ó ní géètì kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó arúgbó pa mọ́ sí. Bọ́lárìnwá kò sinmi. Ó bẹ̀ ẹ́ lónìí, ó bẹ̀ ẹ́ lọ́la, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú ọkùnrin náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí Ìtúnu ti súnmọ́, Ọmọ́ṣaléwá ju bírò sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní ó dáa, kí bàbá náà lọ jókòó ní géètì láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí Bọ́lárìnwá sì jẹ́ kí òun gbádùn.

Ayọ̀ yẹn ló fà á. Bọ́lárìnwá jáde ní ọ́fíìsì bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú túbú. Kò ronú nǹkan kan mọ́ ju kó débẹ̀, kó sọ ọ́ sí bàbá náà létí, kí bàbá náà pè é ní Àkànó. Ó rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ lórí ọ̀pá. Ó rí ẹ̀yìn Japhet tó tẹ̀ mọ́ páànù. Gbogbo àárọ̀ tó ti fi káwọ́ sẹ́yìn dúró nídìí Àjànàkú, ọkàn rẹ̀ kò lọ síbẹ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ ṣe ohun tó ń ṣe nídìí gbogbo ẹ̀rọ yòókù.

"Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ yẹn o!"

Japhet, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tó sì gbẹ̀kọ́, dá orin rẹ̀ dúró, ó yí orí padà láti dá fóòmánù rẹ̀ lóhùn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. "Ẹ ṣeun, sà" kò tíì jáde tán lẹ́nu rẹ̀ tí irin fi já.

Ká má pẹ́ lórí ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹnì kan fi igi já bẹ́líìtì kúrò, ẹ́ńjìnì ń sáré lásán, àwọn ọkùnrin sì ń fi gbogbo agbára gbé irin sókè. Láàárín ariwo náà, Bàbá Rọ̀kíbátù dúró síbi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ọ̀pá, ó ń béèrè pé, "Kí ló dé? Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló ń ké?" Bọ́lárìnwá fi aṣọ ara rẹ̀ di ọwọ́ Japhet, wọ́n sì fi mọ́tò Ọmọ́ṣaléwá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà wò ó, ó ní kò sí ohun tó kù níbẹ̀ láti tún ṣe, ó sì gé e láti ọrùn ọwọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọmọ́ṣaléwá kó gbogbo wọn jọ, ó béèrè bó ṣe jẹ́. Bàbá Rọ̀kíbátù dìde. Omi ń jáde lójú rẹ̀, ojú tí kò wúlò fún nǹkan mìíràn mọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, èmi ni ẹ máa bi. Ojú mi..."

Bọ́lárìnwá sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo kí wọn. Japhet yíjú láti dá mi lóhùn, kò tíì yọwọ́. Àṣìṣe ni."

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló jẹ́ òótọ́, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni wọ́n jọ jẹ́. Kì í ṣe nítorí bàbá náà ló fi sọ ọ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, nínú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó mọ̀ pé ẹ̀rù ara òun ló ń ba òun. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ojú bàbá ti fọ́, ìbéèrè kejì ni pé ta ló mọ̀. Ọmọ́ṣaléwá mi orí, ó ní òun ti ń sọ ọ́ pé ìkíni pọ̀ jù nílé iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá wà lórí ẹ̀rọ kó máa wo iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bi ṣe di ti ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìta ni bàbá náà ti dì í lápá mú. "Àkànó," ló wí, "mo fẹ́ sọ ọ́, o ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Èmi ni mo ni ẹrù yẹn tẹ́lẹ̀. O ti gbà á lọ́wọ́ mi. Máa gbé e lọ."

Bàbá náà kò padà síṣẹ́ mọ́. Wọ́n sọ nípa géètì fún un, ó ní kí wọ́n má tún bá òun dárúkọ rẹ̀. Rọ̀kíbátù fúnra rẹ̀ ló wá mú un lọ́wọ́ padà sí Abẹ́òkúta, níṣojú gbogbo ènìyàn, àwọn tó sì rí bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ rò pé ìbànújẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà, wọ́n ní yàrá ló wà, kò jáde kí àlejò kankan.

Ezekiel ti lọ sílé, géètì ṣófo. Ọmọ́ṣaléwá rò ó, ó wò ó pé ojú ayé kò ní dáa bí òun bá lé ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ gé nídìí iṣẹ́ òun dà nù, ó sì ní kí Japhet máa ṣọ́ géètì bí ara rẹ̀ bá yá. Sabina wá sílé iṣẹ́ pẹ̀lú ẹja yíyan nínú igbá, ó kúnlẹ̀ fún Bọ́lárìnwá lórí erùpẹ̀. Ó ní àwọn gbọ́ pé fóòmánù ló ti ń bẹ ọ̀gá nípa géètì tipẹ́tipẹ́, pé Ọlọ́run yóò san án fún un. Bọ́lárìnwá ní kó dìde, ó ní kó dákun kó dìde. Kò lè wo ẹja náà, ó pín in fún àwọn ọmọ iṣẹ́.

Bó ṣe di pé àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń kọjá níwájú Japhet nìyẹn. Japhet á dìde lórí àpótí, á fi ọwọ́ òsì ti géètì sẹ́yìn, á tẹrí ba. Á ní, "Ẹ kú àárọ̀, sà. Ṣé ẹ jí dáadáa?" Bọ́lárìnwá á dáhùn, á yára kọjá. Nínú ilé iṣẹ́, kò kí ẹnikẹ́ni nídìí ẹ̀rọ mọ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ń sọ láàárín ara wọn pé fóòmánù yìí gbéra ga. Ní ti Japhet, kò kọrin mọ́. Ẹ̀rù tilẹ̀ ń ba Sabina nítorí ẹ̀, torí kò tíì gbé pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ rí.

Ní àárọ̀ kan tí òjò ń ṣú, tí Bọ́lárìnwá tètè dé ṣáájú gbogbo ènìyàn, Japhet ṣí géètì, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́nà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n má bínú, nǹkan kan ń dààmú òun. Ó ní òun ti gbà pé òun lòun jẹ̀bi, pé òun ni òun kò yọwọ́. Ohun tí kò yé òun ni pé Bàbá Rọ̀kíbátù dúró ti òun lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ kọ sí ọwọ́ òun gan-an. Òun ti rò ó lọ, òun ti rò ó bọ̀.

"Ṣé bàbá ò rí ọwọ́ mi ni, ẹ̀gbọ́n?"

Bọ́lárìnwá lè purọ́. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti gbó, kò ní ṣòro sọ. Ṣùgbọ́n ó wo ọmọkùnrin náà, ó rí i pé kò bínú, pé ńṣe ló kàn fẹ́ mọ̀, kó lè sùn. Ó sọ fún un. Ó sọ ti kóòtù ara ìṣó, ti ẹ̀yìnkùlé, ti orin. Ó sọ ìdí tí òun kò fi jẹ́ kó lọ sídìí ẹ̀rọ tó wà lẹ́bàá fèrèsé, àti ìdí tí Àjànàkú fi gba òróró ní ọjọ́ tí ohùn rẹ̀ há. Ó sọ ọ́ tán.

Japhet gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì já lu ọ̀rọ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí páànù òrùlé. Ó wo apá ọ̀tún rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì lẹ́nu, ó tún wo Bọ́lárìnwá.

"Ẹ bá ti sọ fún mi," ló wí. "Ǹ bá dúró ti bàbá, ẹ̀gbọ́n. Ǹ bá máa kọrin náà fún un. Ìkíni yín nìkan ni ǹ bá má dáhùn."

Ó kúrò lọ́nà, Bọ́lárìnwá sì wọlé.

Ní ọjọ́ kejì, Bọ́lárìnwá ló kọ́kọ́ kí i. Ó dúró lẹ́yìn géètì nínú ẹrẹ̀, ó ní, "Japhet, o kú iṣẹ́ o." Japhet dìde lórí àpótí, ó fi ọwọ́ òsì ti géètì sẹ́yìn fún un, ó wò ó lójú títí ó fi kọjá, kò sì dáhùn.